Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mi: a ti lọ jẹun ní ilé oúnjẹ Faransé yẹn

Ẹ kú ìdúró o. Mo béèrè níbí lọ́jọ́sí bóyá kí èmi àti ìyàwó mi padà sí ilé oúnjẹ Faransé kan ní Òkè-Fìà, èyí tí a fẹ́ràn gan-an kí a tó kó kúrò l'Óṣogbo. Ọ̀pọ̀ yín ní ká má lọ. A lọ ṣá, lálẹ́ Sátidé.

Ọbẹ̀ àlùbọ́sà ni mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé wá, torí òun ni mo fi ń dán alásè Faransé wò. Àlùbọ́sà rẹ̀ kò fẹ́ ìkánjú: iná jẹ́jẹ́ ni, bíi wákàtí kan, títí yóò fi pọ́n bí oyin. Tiwọn pọ́n dáadáa. Àmọ́ wàrà Fúlàní ni wọ́n gé lé búrẹ́dì orí rẹ̀ dípò wàràkàṣì òyìnbó tó máa ń yọ́. Wàrà kì í sì í yọ́ nínú iná (ẹ bi àwọn tó ń dín in tà), ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Ìyàwó mi ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe wu òun. Mi ò bá a jiyàn.

Àkùkọ tí wọ́n fi wáìnì pupa sè ló pa mí lẹ́nu mọ́. Àkùkọ ìbílẹ̀ tó ti gbó ni wọ́n lò, irú èyí tí oúnjẹ náà ń fẹ́ gan-an. Adìẹ àgíríìkì ì bá ti fọ́ sínú ìkòkò. Oúnjẹ náà ti gbówó lórí o!

Fún ẹni tó béèrè: rárá, wọn ò ta àmàlà. A máa tún lọ lásìkò ọdún Ọ̀ṣun, nínú oṣù Kẹjọ. Ó parí.