Ìlọsíwájú kì í ṣe ìgòkè

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Àkúrẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí a yé lo “ìlọsíwájú” nígbà tí a bá ń kọ nípa ìmọ̀ ọgbọ́n orí tó jẹ mọ́ ìtàn, kí a máa lo “ìgòkè-ìgbà” dípò rẹ̀, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni ìlọsíwájú, kò sì lè gbé èrò tó jinlẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, n kò sì lè pa á mọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohùn. Ìgbà tó túmọ̀ sí àkókò ní ohùn ìsàlẹ̀ méjì. Igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ ní ohùn àárín ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹnu bá yá, tí fáwẹ̀lì méjì pàdé ní ìparí “ìgòkè”, ó ṣòro fún etí láti mọ èyí tí a pè, ọmọ ilé-ìwé yóò sì rò pé ẹlẹ́mu ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Orí “iwájú” gan-an ni ó yẹ kí a dúró. Nígbà tí ìyá bàbá mi ní Ìjọmú bá ń sọ̀rọ̀ àwọn òkú ìdílé, “àwọn tó ti ṣáájú” ni wọ́n máa ń pè wọ́n, iwájú ló sì wà nínú ṣáájú yẹn. Bí wọ́n bá ń súre fún wa, wọn a ní kí ẹ̀yìn wa dára. Àwọn tó ti lọ wà níwájú, ohun tí kò tíì dé wà lẹ́yìn; síbẹ̀ àwa kan náà ni a ń pe ọ̀la ní ọjọ́ iwájú. Èdè wa kò ṣe àṣìṣe níbẹ̀ rárá: ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹni tó ń lọ síwájú ń lọ bá ibi tí àwọn kan ti tẹ̀, ó sì ń fi ìrìn wọn díwọ̀n tirẹ̀. N kò mọ èrò tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti gòkè, ó ti pinnu fún wa kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀ pé òkè sàn ju ìsàlẹ̀ lọ. Condorcet, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Faransé, tó kọ ìwé rẹ̀ níbi tó sá pamọ́ sí, tó sì kú sẹ́wọ̀n ní 1794 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1795, pín ìtàn ọmọ ènìyàn sí ìpele mẹ́wàá, ó sì fi ìkẹwàá fún ọjọ́ iwájú, nítorí ó gbà pé ọmọ ènìyàn yóò máa dára sí i. Mo gbà pé ìgòkè bá irú èrò bẹ́ẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò gbà bẹ́ẹ̀ pọ̀, àwọn bàbá wa sì wà lára wọn: ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ọ̀rọ̀ tí a ó fi dárúkọ ohun tí a ń jà lé lórí kò gbọdọ̀ máa gbè sẹ́yìn apá kan.



Ìdànrè kò jìnnà sí wa níbí. Orí òkè ni àwọn baba ńlá wọn tẹ̀dó sí, ìlú àtijọ́ náà ṣì wà níbẹ̀, ọ̀rúndún 20 sì ni àwọn ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ tí wọ́n wà báyìí. Ẹnìkan lè pè é ní ìlọsíwájú, ẹlòmíràn lè jiyàn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìgòkè-ìgbà kọ gbólóhùn kan nípa sísọ̀kalẹ̀ wọn, kí gbogbo wa kà á.