Lórí Àgbákò, Jàǹbá àti "Omi Gbé E Lọ": Èsì sí Àkójọ Ọ̀rọ̀ Ààbò fún Àwọn Ọgbà Ìgbafẹ́

Ẹ̀yin àgbà nínú èdè àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Ìbàdàn. Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa láti Mọ́kọ́lá fi síwájú wa, èyí tí wọ́n fẹ́ kí á máa lò fún àkọlé ààbò àti ìwé àkọsílẹ̀ ní àwọn ọgbà ìgbafẹ́ àti ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà nígboro wa. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dábàá pé kí á pe ìṣẹ̀lẹ̀ tó bá pa ènìyàn lára níbẹ̀ ní "àgbákò", kí á pe ẹni tó ń ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ ní "adóòlà-ẹ̀mí", kí á sì kọ ọ́ pé "omi gbé e lọ" bí ẹnikẹ́ni bá kú sínú omi. Mo fara mọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àkójọ náà. Àwọn mẹ́ta yìí ló ṣòro fún mi jù láti fara mọ́, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń fi ẹni tó yẹ kó dáhùn fún ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹni tó ń kà á.

Ní ẹnu àwa Yorùbá, àgbákò ni ohun tí ènìyàn ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ láìwá a. Kò ní ẹni tó ni ín, kò sì ní ẹni tó ṣe é. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú àdúrà ló ń gbé: "Ọlọ́run má jẹ́ ká rí àgbákò", "a ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà". Mo ń ṣe àmín sí àdúrà wọ̀nyí tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ ọgbà ìgbafẹ́ kì í ṣe àdúrà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, láti sọ ẹ̀rọ tó kọṣẹ́, àti láti sọ ẹni tó yẹ kó ti rí i ṣáájú. Jàǹbá ló lè ṣe iṣẹ́ yìí. Kí ọkọ̀ tó dé, a ti máa ń sọ pé "ó ṣe mí ní jàǹbá", a sì máa ń dárúkọ ẹni tó ṣe é. Nígbà tí ọkọ̀ dé tí a ń sọ pé "jàǹbá ọkọ̀", àyè ẹni tó ṣe é kò kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó bá gbọ́ ọ ṣì máa ń béèrè pé ta ló wà á, báwo ni bíréèkì rẹ̀ ṣe rí. Kò sẹ́ni tó ń béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn àgbákò.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìyàtọ̀ yìí kéré, kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Dreamworld, ní Gold Coast ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2016. Ènìyàn mẹ́rin kú lórí eré ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó ń gba orí omi lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní Thunder River Rapids. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kọṣẹ́, omi fà, ọkọ̀ kan há, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì kọlù ú. Ẹ̀rọ yẹn kan náà ti kọṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú lọ́jọ́ náà, wọ́n sì tún un tàn kí eré máa bá a lọ. Ní ọdún 2020, ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 3.6 dọ́là Ọsirélíà lé ilé iṣẹ́ tó ni ọgbà náà. Ohun tó ti fi ara rẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀mejì kó tó pa ènìyàn, a kò lè sọ pé ṣe ni a kàn ṣe kòńgẹ́ rẹ̀.

Ẹlẹgbẹ́ wa kan láti Agbowó ti gbà pé jàǹbá dára, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí á fi kún un pé "àṣìṣe òṣìṣẹ́" ló fà á tàbí pé "jàǹbá àfọwọ́fà" ni, kí òǹkàwé lè mọ ibi tí ẹ̀bi wà. Èmi náà fẹ́ kí ẹ̀bi hàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí lè gbé e lé orí ẹni tí kò tọ́ sí. Nígbà tí a bá sọ fún ènìyàn pé "àfọwọ́fà ni", ẹni tí ìyà ń jẹ náà ni à ń bá wí. A ń sọ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á. Ọmọ tó jókòó síbi tí wọ́n ní kó jókòó sí kò fi ọwọ́ fa ohunkóhun. Ní ti àṣìṣe òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ Alton Towers nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kí á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 2015, kọ̀ǹpútà tó ń darí rélùwéè eré tí wọ́n ń pè ní Smiler dá ọkọ̀ tí èrò wà nínú rẹ̀ dúró, nítorí pé ọkọ̀ mìíràn tó ṣófo ṣì wà lójú irin níwájú. Àwọn ẹnjiníà kò mọ̀ pé ọkọ̀ kan wà níbẹ̀. Wọ́n rò pé kọ̀ǹpútà ló ṣì í, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Ènìyàn 16 fara pa, ọ̀dọ́mọbìnrin méjì sì pàdánù ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá wo kọjá ọwọ́ tó tẹ bọ́tìnnì yóò sọ pé àṣìṣe òṣìṣẹ́ ni. Ilé iṣẹ́ ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ní ọdún 2016, tó sì ní kó san mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn, nítorí pé kò fún àwọn òṣìṣẹ́ náà ní ìlànà tó péye tí wọn ì bá tẹ̀lé ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, "jàǹbá tó ṣeé dènà" ni èmi dábàá. Mo mọ̀ pé gbólóhùn ni, kì í ṣe ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Kò burú. Àkọlé tí ìyá ọlọ́jà láti Ọjà'ba bá kà tó yé e lójú ẹsẹ̀ sàn ju ọ̀rọ̀ tuntun tí a ní láti máa túmọ̀ fún un lọ.

Ọ̀rọ̀ "omi gbé e lọ" wúwo lọ́kàn mi jù, nítorí pé àwa ará Ìbàdàn mọ ohun tó ń jẹ́ kí omi gbé ènìyàn. Nígbà tí odò Ògùnpa kún ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, omi gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé ènìyàn, kò sì dá ọgbà Àgọ́dì sí. Omi tó ń ṣàn, tó lágbára ju ẹsẹ̀ ènìyàn lọ, ni gbólóhùn yẹn bá mu. Omi ìlúwẹ̀ẹ́ kì í ṣàn lọ síbì kankan. Ojú kan ló wà, ẹnì kan ló sì gbẹ́ ihò rẹ̀, ló lẹ táìlì sí i, ló ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tó bá kú síbẹ̀, ó rì ni, ó sì rì níbi tí ojú ti yẹ kó wà lára rẹ̀. Nítorí náà "rì sómi" ni kí á kọ, kí á sì yọ "omi gbé e lọ" kúrò nínú gbogbo ìwé tó bá jẹ mọ́ omi tí a fi ọwọ́ ènìyàn ṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló kú sómi káàkiri ayé ní ọdún 2021, àwọn ọmọ kéékèèké sì wà lára àwọn tó ń kú jù. Bí a bá ń kọ gbogbo irú ikú yìí sílẹ̀ bí ẹni pé omi ló dìde wá mú wọn, a ò ní mọ èyí tó yẹ kí á lọ dènà.

Láti ibẹ̀ ni mo ti dé orí "adóòlà-ẹ̀mí". Orúkọ náà dùn létí, ó sì gbé ẹni tó ń jẹ́ ẹ ga, ṣùgbọ́n ìgbà tí ewu bá ti dé ni ìdóòlà máa ń bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ẹni yìí wà ṣáájú ìyẹn. Ọmọ tó ń rì kì í sábà pariwo. Atẹ́gùn tí ì bá fi pe ènìyàn ló ń wá, ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ omi nísàlẹ̀ dípò kó jù ú sókè, kò sì ju ìṣẹ́jú kan lọ kó tó lọ sábẹ́. Ẹni tó bá ń dúró de igbe kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Ellis & Associates fi gbé ìlànà 10/20 kalẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá 10 ni kí olùṣọ́ fi rí i pé nǹkan ti ṣe ẹnì kan lágbègbè tó ń ṣọ́, ìṣẹ́jú àáyá 20 ni kó sì fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojú ni ìlànà yìí fi ṣáájú, ọwọ́ ló tẹ̀ lé e. "Ẹ̀ṣọ́ omi" ló bá iṣẹ́ náà mu, nítorí pé ẹ̀ṣọ́ kì í sùn, kì í tẹ fóònù, wọn kì í sì í rán an níṣẹ́ pé kó lọ gbé ohun mímu wá fún àlejò. Bí wọ́n bá ń pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní adóòlà, ó lè rò pé títí di ìgbà tí ẹnì kan bá kígbe, òun kò tíì ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ̀gbọ́n wa kò fi sínú àkójọ wọn, tí mo sì fẹ́ kí á fi kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń dun gbogbo ìlú wa. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọ 35 ló kú nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan ní Baṣọ̀run, níbi tí wọ́n ti pè wọ́n wá ṣe fàájì ìparí ọdún. Mo bá àwọn òbí wọn kẹ́dùn títí di òní. "Ìtẹ̀pa" tàbí "ìtẹ̀mọ́lẹ̀" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe irú ikú bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé àwọn kan sáré kọjá lórí àwọn kan. Ohun tí àwọn tó ń ṣe ìwádìí nípa ọ̀pọ̀ èrò ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn. Bí èrò bá ti ń tó 6 tàbí 7 lórí ilẹ̀ tí gígùn àti ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó lè pinnu ibi tí ẹsẹ̀ òun yóò gbà mọ́. Gbogbo wọn ń mì lọ mì bọ̀ lápapọ̀. Àyà á há, ẹ̀dọ̀fóró kò ní ráyè fẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kú ló sì ń kú nítorí pé wọn kò rí èémí mí, àwọn mìíràn lórí ìdúró. Ìtẹ̀pa di ẹ̀bi ru àwọn èrò, ó sọ wọ́n di ẹhànnà, ó sì gbójú fo ẹni tó ka iye tó lè wọlé, ẹni tó ti géètì, àti ẹni tí kò ṣe ọ̀nà àbájáde.

Mo kọ́kọ́ ronú "ìfúnpa", ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i, bí wọ́n ti máa ń ṣe lórí pátákó, ìfúnpá tí à ń so mọ́ apá ni òǹkàwé yóò rí. Ó tún ní ikú nínú, bẹ́ẹ̀ a fẹ́ ọ̀rọ̀ tí a lè lò kí ẹnikẹ́ni tó kú. "Ìfúnpọ̀ èrò" ni mo wá dúró lé. Ó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, a lè fi kìlọ̀ nígbà tí àyè ṣì wà, a sì lè sọ pé "ìfúnpọ̀ èrò ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu géètì, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn wọlé."

Ní ti ìfarapa, mi ò ní àríyànjiyàn pẹ̀lú orúkọ náà. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ìwé ìtọ́jú àkọ́kọ́ má dúró lórí rẹ̀, nítorí pé Yorùbá ti fún wa ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó péye ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ara ọmọ tó fi orókún ha ojú táìlì bó. Ẹni tí irin gé, ara rẹ̀ ya. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ rọ́ kò rí bí ẹni tí oríkèé rẹ̀ yẹ̀, ẹni tí egungun rẹ̀ kán kò sì rí bí ẹni tí tirẹ̀ rún. Nọ́ọ̀sì tó bá ka "ó farapa lẹ́sẹ̀" kò tíì mọ nǹkan kan. Èyí tó bá ka "orókún rẹ̀ yẹ̀" ti mọ ohun tí yóò ṣe. Fún ẹni tó fi orí bẹ́ sínú omi tí kò jìn, kí ìwé náà kọ ọ́ gbangba pé "ó fi orí sọlẹ̀, ọrùn ń dùn ún", kí wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fà á dìde jókòó tàbí yí ọrùn rẹ̀, àyàfi kí wọ́n gbé orí àti ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ lójú kan.

Àwọn tó kù kò ní gbà wá lákòókò. "Ìgbànú ààbò" kò tó fún irin tó ń di ènìyàn mú lórí ẹ̀rọ eré, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ìgbànú rárá. "Ìdìmú" kúrú, ó sì yé ni. Ní Orlando ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 2022, ọmọ ọdún 14 kan já bọ́ láti orí ẹ̀rọ eré gíga kan tó máa ń gbé èrò lọ sókè kó tó já wá sílẹ̀, àwọn olùwádìí ìjọba sì rí i pé wọ́n ti fi ọwọ́ tún ohun tó ń mọ̀ bóyá ìdìmú ìjókòó rẹ̀ ti pa dé tàbí kò pa dé ṣe, kí ó lè gba àlàfo tó fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí yìí náà ni mo fi fẹ́ kí pátákó sọ "òdiwọ̀n gíga" dípò ọjọ́ orí, nítorí pé ara ni ìdìmú ń mú, kò mọ ọdún tí wọ́n bí ènìyàn.

Fún ọ̀nà gíga tí wọ́n ń gbà yọ̀ wá sínú omi, mo dábàá "àyọ̀wọmi". Àbúrò wa láti Bódìjà ti sọ pé ẹni tó bá gbọ́ ọ lè rò pé ayọ̀ ni à ń sọ. Mo gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí pátákó máa fi ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ tẹ̀ lé e nígbà gbogbo: dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, fi ẹsẹ̀ ṣíwájú, ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó ṣíwájú ti kúrò nísàlẹ̀ kí ẹlòmíràn tó gbéra. Verrückt, àyọ̀wọmi kan tí wọ́n ṣí ní Kansas City ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2014, ga ju mítà 50 lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, ọkọ̀ rọ́bà tí ọmọ ọdún 10 kan wà nínú rẹ̀ gbéra kúrò lójú ọ̀nà, ọmọ náà kọlu irin tó gbé àwọ̀n dúró lókè, ó sì kú. Wọ́n wó o lulẹ̀ ní ọdún 2018. Bí àbúrò wa bá ní ọ̀rọ̀ tí kò ní ayọ̀ nínú, tí kò sì gùn, mo ti múra tán láti fi àyọ̀wọmi sílẹ̀ fún un. Ní ti ẹ̀ṣọ́ omi, rì sómi àti ìfúnpọ̀ èrò, mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wa láti Mọ́kọ́lá dá wa lóhùn kí wọ́n tó fún akọ̀wé pátákó ní iṣẹ́ náà.