Àbọ̀ ìbéèrè mi: Bonaire la mú

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi dá sí ìbéèrè mi, pé níbo ni olówó kékeré ti lè fi sìlíńdà afẹ́fẹ́ mòòkùn ní Káríbíánì, ẹ ṣé gan-an. Nínú erékùṣù mẹ́ta, Utila, Cozumel àti Bonaire, Bonaire la mú.

Ní ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ ìmòòkùn, Utila ni kó lọ. Owó ẹ̀kọ́ ibẹ̀ wálẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbéni lọ, gbogbo ìgbà téèyàn bá sì lọ ló ń san owó. Ní Bonaire, ẹ̀bá títì lẹ ti máa wọ omi. Òkúta tí wọ́n fi ọ̀dà yẹ́lò kùn, tí wọ́n kọ orúkọ ibẹ̀ sí lára, ni àmì. Ẹ̀yin mẹ́rin ẹ dáwó háyà píkọ́ọ̀pù kan, ẹ kó sìlíńdà sẹ́yìn rẹ̀, ó parí.

Etí omi ibẹ̀ ló máa ń ṣe àlejò léṣe. Kì í ṣe iyanrìn. Iyùn inú òkun tó ti fọ́, tó le bí òkúta tó sì mú, ni, ó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ wọ bàtà omi tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, ẹ rìn títí omi á fi mù yín dé ìbàdí, kí ẹ tó wọ fíìnì, ìyẹn bàtà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́. Ìbọ̀wọ́ ò sí o, òfin kà á léèwọ̀, kí ọwọ́ má baà máa di iyùn mú. Ẹ má fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú ọkọ̀, torí àwọn olè mọ̀ pé ẹ wà lábẹ́ omi.

Lẹ́yìn ìmòòkùn ìkẹyìn, ó kéré tán wákàtí 18 kí ẹ tó wọ bàálù.