Ẹyẹ wo ló ń jẹ akàn létí ọ̀sà Bàrígà yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹyẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ni mo ti ń rí ẹyẹ kan lórí ẹrẹ̀ nígbà tí omi ọ̀sà bá fà láàárọ̀. Kì í ṣe lékeléke, kì í sì í ṣe àwòdì. Àwọn yẹn, mo mọ̀ wọ́n láti kékeré. Àwọ̀ ilẹ̀ ni, ó ní ilà dúdú lórí, ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì tẹ̀ wálẹ̀ bí dòjé. Lánàá, ó ki ẹnu bọ ihò, ó fa akàn jáde, ó gbọ̀n ọ́n títí ẹsẹ̀ akàn náà fi já, ló bá gbé e mì. Mo dúró gbagidi, n kò lè mira. Tó bá fò, á súfèé léraléra.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹyẹ ló máa ń sá fún òtútù Yúróòpù wá sọ́dọ̀ wa lásìkò yìí, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ wà lára wọn. Ṣé ọ̀kan nínú wọn nìyí? Kí ni ẹ̀yin apẹja Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn ń pè é?

Fóònù mi kò lè yà á dáadáa. Níbo ni mo ti lè rí awò tí ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni, 8×42 (ìyẹn èyí tó ń fà á súnmọ́ni ní ìlọ́po mẹ́jọ, tí dígí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ ní mìlímítà 42), tòkunbọ̀ náà dára?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dáhùn. Wọ́n ti ń da yanrìn sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀ rárá.