Ọjọ́ wo ni MIDI dá yín lágara jù? Ẹ wá sọ tiyín

Onílù-iná

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde, nípa MIDI, èdè tí àwọn ẹ̀rọ orin fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ìlù kan, synthesizer (ẹ̀rọ tó ń ṣẹ̀dá ohùn orin) méjì àti kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo so gbogbo wọn pọ̀, mo tẹ bọ́tìnnì, ni ẹ̀rọ ìlù bá ki eré mọ́lẹ̀ bí ẹni tí oyin ń lé. Bíìtì 100 ní ìṣẹ́jú kan ni mo kọ sí kọ̀ǹpútà, 200 ni ojú ẹ̀rọ ìlù ń fi hàn. Mo tún un tẹ̀, ó tún sáré. Mo bú u. Mo tú ìdí rẹ̀ wò. Ó di ọjọ́ kẹta kí n tó rí i pé ọ̀nà méjì ni clock, àmì tí àwọn ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn rìn pọ̀, ń gbà wọ inú rẹ̀: wáyà USB, àti wáyà MIDI ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tí mo ti gbàgbé sẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé clock kì í sọ iye ìyára fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ibi tó ti ń wí pé "100 là ń lọ o". Ńṣe ló kàn ń ta ẹ̀rọ jí, ìgbà 24 láàárín bíìtì kan, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ni yóò fúnra rẹ̀ kà á. Ọ̀nà méjì ń ta tèmi, ó ka 48, ó gbà pé bíìtì méjì ti kọjá. Kò kúkú purọ́. Mo pa clock lórí USB, ara rẹ̀ balẹ̀ wọ́ọ́. Ìyá ìlù kan ṣoṣo, kí àwọn omele máa tẹ̀lé e.

Atẹdùùrù

Ẹ kú orí ire, ẹ̀yin tí ẹ rí 200. Tèmi kò kan clock rárá. Kíbọ́ọ̀dù mi ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú agolo. Ohùn mẹ́jọ ló yẹ kó lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ márùn-ún, ọ̀kan á ti já. Ìka mi ń mú un dún, kọ̀ǹpútà tún ń gba ohun tí mo tẹ̀, ó ń dá a padà sí i, ohùn kọ̀ọ̀kan wá di méjì. Local Control, ìyẹn ohun tó so bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù mọ́ ohùn inú rẹ̀, lohun tí a máa ń pa; àṣẹ MIDI tí wọ́n ń pè ní control 122 ni. Mo pa á, ohùn mọ́ gaara.

Ìtìjú ibẹ̀ nìyí: mo gbé kíbọ́ọ̀dù náà lọ síbi tí a ti fẹ́ ṣeré, láìsí kọ̀ǹpútà. Mo tẹ̀ ẹ́, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Mo yí ohùn sókè, mo pààrọ̀ wáyà, àwọn ènìyàn ń wò mí. Local ṣì wà ní pípa! Onígìtá nìkan ló ṣe orin àkọ́kọ́. Mo ti lẹ ìwé pélébé mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ báyìí: "Tan Local kí o tó jáde."

Wáyà-kékeré

Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní irú ẹnu tí gbohùngbohùn etí ń lò ló fìyà jẹ mí. Ó wọlé dáadáa, nǹkan kan kò dún. Àṣé irú A àti irú B ló wà, okùn inú wọn kàn gba ipò ara wọn ni. A ni wọ́n fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ìlànà ní 2018. Ẹ̀rọ mi ti wà ṣáájú ìyẹn, B ló ń lò. Mo wá wáyà tó bá a mu, ó tán.

Olórí-kunkun

Onílù-iná, clock kan ṣoṣo ló ń dé ọ̀dọ̀ tèmi, síbẹ̀ gbogbo nǹkan ń wọ́lẹ̀ lẹ́yìn ara wọn. Ìlù, béèsì, kọ́ọ̀dù ńláńlá, àti bọ́tìnnì mẹ́rin tí mo ní kí kọ̀ǹpútà máa yí fún mi, orí wáyà kan ni mo da gbogbo wọn sí. Mo wá ń sọ pé Thru, ihò tí ẹ̀rọ fi ń ta ohun tó gbọ́ sí ẹ̀rọ tó tẹ̀lé e, ló ń fa ìdádúró. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn.

Wáyà ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ń gbé bit 31,250 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ló sì wà láti 1983 tí wọ́n ti so synthesizer méjì, Prophet-600 àti Jupiter-6, pọ̀ lójú gbogbo ayé. Títẹ ohùn kan ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ó kéré, àbí? Ẹ wá tẹ ohùn mẹ́wàá pọ̀. Wọn kì í jọ kọjá, wọ́n ń tò ni, ìkẹwàá á sì dúró de mẹ́sàn-án. Clock àti àwọn àṣẹ ojú-ẹsẹ̀ bíi tirẹ̀, bí start àti stop, nìkan ló láṣẹ láti já wọ àárín ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ wá fi bọ́tìnnì mẹ́rin tó ń yí láìsinmi kún un. Mo fún ìlù ní wáyà tirẹ̀, mo dín bọ́tìnnì kù sí ọ̀kan, ìwọ́lẹ̀ náà sì lọ.

Atẹdùùrù

Ẹ má tíì dá Thru láre tán o. Ẹ̀rọ márùn-ún ni mo so tẹ̀léra, èyí tó kẹ́yìn ń gbọ́ nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Bí àmì náà ṣe ń gba inú ẹ̀rọ kan bọ́ sí òmíràn ni ó ń wó díẹ̀díẹ̀. Àpótí Thru tó ń pín in lẹ́ẹ̀kan náà ni mo lò.

Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹsẹ̀ mi ló kọ wáyà nígbà tí ìka mi ṣì wà lórí kíbọ́ọ̀dù. Ohùn yẹn kò dákẹ́ mọ́. Àṣẹ títẹ̀ ọ̀tọ̀, àṣẹ gbígbé ìka kúrò ọ̀tọ̀, èkejì kò sì dé. Mo fi control 123 ránṣẹ́ kí gbogbo ohùn dákẹ́, synthesizer mi ṣe bí ẹni pé kò gbọ́. Iná ni mo pa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí mo bá pe ohùn tó wà ní nọ́ńbà 5 nínú àkójọ ohùn synthesizer láti inú kọ̀ǹpútà, tí 6 ń wá?

Onílù-iná

Láti 0 dé 127 ni MIDI ń kà. Kọ̀ǹpútà yín ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ojú synthesizer yín ń bẹ̀rẹ̀ láti 1. Ẹ pe 4.

Akẹ́kọ̀ọ́

5 ló wá. Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rọ̀ báǹkì, ìyẹn àwọn àkójọ ohùn, ló kù báyìí.