Ta ló lè bá mi tọpa ọkọ̀ òfuurufú tí ìyá àgbà rí ní Maceió?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá àgbà ìyàwó mi, ọmọ Maceió ní Brazil, ni ọ̀rọ̀ kàn. Ọdún 1937 ni wọ́n bí wọn. Wọ́n ní nígbà ogun Hitler, àwọn rí ohun kan bí ẹja fàdákà ńlá lójú ọ̀run, tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ lókè igi àgbọn, tí okùn ń fì nídìí rẹ̀. Àwọn adìyẹ ilé sá wọ abẹ́ ibùsùn.

Gbogbo ẹbí ní Graf Zeppelin ni, ọkọ̀ òfuurufú Jámánì tí gáàsì inú rẹ̀ ń gbé fò. Èmi ò gbà. Ọdún 1937 náà ni ìyẹn ṣíwọ́ iṣẹ́. Ọmọ ọwọ́ ni màmá. Ohun tí mo kà ni pé láti oṣù kẹsàn-án 1943, ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ń fi irú ọkọ̀ báyìí ṣọ́ ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì létí òkun Brazil, àti pé Maceió ni ẹgbẹ́ ZP-42 fi ṣe ibùdó.

Mo ti tú ìwé ìròyìn àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì (Pọtogí mi ò kúkú dán mọ́rán), mi ò rí nǹkan kan. Mo kọ lẹ́tà síbì kan, wọn ò fèsì.

Màmá ní ìrọ̀lẹ́ ọdún São João (Jòhánù Mímọ́) ni, wọ́n ti ń to igi iná sójú pópó. Ìyẹn á jẹ́ 23 oṣù kẹfà, 1944, tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀.

Níbo ni ìwé àkọsílẹ̀ ìrìnàjò ojoojúmọ́ ZP-42 ti oṣù náà wà, báwo sì ni ẹni tó wà n'Ìbàdàn ṣe lè rí ẹ̀dà rẹ̀ gbà?