Ẹnu aláìsàn tó wà lórí ventilator (ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí): ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Ẹ̀yin àgbà mi nínú iṣẹ́, mo kí yín o. Oṣù kẹta rèé tí wọ́n gbé mi kúrò ní wọ́ọ̀dù obìnrin lọ sí ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Ohun tó ń dà mí láàmú lè má tó nǹkan lójú ẹlòmíì: ẹnu fífọ̀ ni. Lọ́dọ̀ wa, a ó ri gọ́ọ̀sì sínú chlorhexidine, omi oògùn tó ń pa kòkòrò, a ó fi nu ẹnu aláìsàn láàárọ̀ àti lálẹ́, ó parí. Bàbá kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin, ọjọ́ karùn-ún rẹ̀ lórí ventilator rèé. Lánàá ni mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu. Ahọ́n ti funfun, nǹkan sì lẹ̀ mọ́ eyín bí ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹni tí kò fẹnu jẹun láti ọjọ́ márùn-ún, kí ló dọ̀tí lẹ́nu rẹ̀?" Mi ò rí èsì gidi fún un. Ẹnì kan tá a jọ kàwé, tó ti wà ní England báyìí, ní àwọn ò lo chlorhexidine mọ́. Èwo ni kí n ṣe? Tó bá sì jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ni, ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ fi yọ túùbù ẹnu tí bàbá fi ń mí.

Ìyá Ìbejì
Ọmọ mi, ọmọ bàbá yẹn ni kó o kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹni tó ń jẹun, tó ń sọ̀rọ̀, itọ́ ń bá a fọ ẹnu láìmọ̀. Àmọ́ tí túùbù bá la ẹnu sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, itọ́ á gbẹ, kòkòrò á kọ́lé sára eyín. Cuff, rọ́bà kékeré tá a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nídìí túùbù, kì í dí ọ̀nà pátápátá. Itọ́ ẹlẹ́gbin ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Òtútù àyà tó ń yọjú lẹ́yìn wákàtí 48 tí wọ́n ti ki túùbù, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Gọ́ọ̀sì ò sì lè ha ohun tó ti lẹ̀. Ta ló ń fi aṣọ nu ìkòkò tó jóná?

Déjì Òkè-Òkun
Òótọ́ ni ọ̀rẹ́ yín sọ. Lọ́dún 2022, àwọn ẹgbẹ́ ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà (SHEA, IDSA àti APIC) tún ìlànà wọn kọ. Wọ́n ní ká máa fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín lójoojúmọ́, ká fi chlorhexidine sílẹ̀, torí àwọn ìwádìí kan fi hàn pé ó lè jẹ́ kí àwọn tó ń kú pọ̀ sí i. Àkópọ̀ ìwádìí 15 tó jáde ní ìparí 2023 tún gbè é lẹ́yìn: òtútù àyà dín kù láàárín àwọn tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín fún, ikú ní ICU náà dín kù. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ tó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kò fi nǹkan kan lé e.

Mátírọ́ọ̀nù Àgbà
Ẹ rọra o. Ọmọ oṣù mẹ́ta kì í dá ìlànà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri dúró. Tẹ ìwé 2022 yẹn, kó o gbé e fún ọ̀gá yín àti àwọn tó ń rí sí ìdènà àrùn. Búrọ́ọ̀ṣì ní tiẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá ọ jà pé o fọ eyín.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ní ti túùbù, má dá a ṣe. Kí ẹnì kan di túùbù mú, kí ẹnì kejì máa fọ̀. Wo nọ́ńbà ara túùbù tó wà létè kó o tó bẹ̀rẹ̀, tún wò ó tó o bá ṣe tán. Gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè tó 30 sí 45 digíríì àfi tí dókítà bá ní rárá, kó o sì rí i pé agbára afẹ́fẹ́ inú cuff wà láàárín 20 sí 30 cmH2O. Kọ́kọ́ fa itọ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Búrọ́ọ̀ṣì ọmọdé tó rọ̀ ló dáa jù, orí rẹ̀ kéré, ó ń wọ ẹ̀gbẹ́ túùbù. Omi díẹ̀ ni kó o lò, má jẹ́ kó hó kún ẹnu. Fọ eyín, erìgì àti ahọ́n, kí suction, ẹ̀rọ tó ń fa itọ́, máa ṣiṣẹ́ lọ bó o ṣe ń fọ̀. Tí bàbá bá ní eyín àtọwọ́dá, yọ ọ́. Má fi lemon àti glycerine pa á lẹ́nu, ṣe ló ń jẹ́ kí ẹnu gbẹ sí i. Aláìsàn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá, bi dókítà kó o tó fọwọ́ kàn án.

Ọmọ Olóbì
Ẹ forí jì mí, mi ò kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Nígbà tí màámi wà ní ICU, ètè wọn là, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo mú òrí wá láti ilé, wọ́n lé mi padà. Ṣé òrí burú ni?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
@Ọmọ Olóbì, òrí ò ṣẹ̀ o. Igbá tí gbogbo ilé ń tọwọ́ bọ̀ ló ń bà wá lẹ́rù, a kì í sì fẹ́ ohun ọlọ́ràá nítòsí ọ́síjìn. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní jẹ́ẹ̀lì olómi. Túùbù tó dúró sójú kan ló sábà máa ń dá egbò sí ètè, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ máa sún un láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ṣàlàyé fún ọmọ bàbá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní pákò kì í kúrò lẹ́nu bàbá òun títí di ọ̀sán, pé kí wọ́n má lọ jí bá ẹnu wọn báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ ra búrọ́ọ̀ṣì ọmọdé méjì wá. Èmi àti nọ́ọ̀sì kejì máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ òní.